Táyà Orí Òpó

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù kẹjọ

Nọ́ọ̀sì Jincy pè láti ọsibítù. Màmá ti ń rìn. Kò tíì jìnnà — láti bẹ́ẹ̀dì dé ojú fèrèsé, pẹ̀lú irin ìtìlẹ̀ tí wọ́n fún un — ṣùgbọ́n ó ń rìn, ó sì ti ń bá àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri jà lórí tíì tí kò gbóná. Ara ti ń yá nìyẹn.

Dókítà ní ó lè wálé fún òru mẹ́ta, kí wọ́n fi wò ó bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ á gbà á. Eegun méjì ló sán lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú nínú ilé adìyẹ, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so pọ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní a kò gbọdọ̀ ṣe: ọkọ̀ kò gbọdọ̀ máa jù ú sókè sódò. Jincy ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, Coralie, ẹ má gbé e bí ẹni gbé màlúù."

Ó rọrùn lẹ́nu. Ibi tí ọ̀dà ti parí ni ìyà ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé ẹnu géètì oko wa, erùpẹ̀ pupa àti òkúta ni, ojú ọ̀nà sì rí gẹ́lẹ́ bíi páànù orí ilé. Eyín ẹni á máa gbára wọn títí délé. Bàálù àwọn dókítà, tó máa ń wá gbé aláìsàn lóko, kì í sì í gbé ẹni tí ara rẹ̀ ń yá padà sílé.

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ Jincy. Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. "Coralie, wá mú mi. N kò wá síbí láti wá máa gbé níbí."

Mo ní mo ń bọ̀.

Ọjọ́rú, 2 oṣù kẹjọ

Ọkọ̀ méjì la ní. Gbọ̀ngbọ̀n, akẹ́rù tí Bàbá fi sílẹ̀ kó tó kú, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ le débi pé àgùntàn gan-an ń kọ̀ láti wọ̀ ọ́. Ó ku Afínjú. Lọ́wọ́ ọkùnrin kan létí òkun ni mo ti rà á, ọmọ ló ń fi í gbé lọ síléèwé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó lágbára, ó ń dán — kò kàn mọ ọ̀nà wa ni.

Àbúrò mi, Ẹ̀fọ́rí (Dougal lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìwé tèmi nìyí), ní kí á dán an wò ná. A tẹ́ fóòmù sẹ́yìn ọkọ̀. Èmi ni mo ṣe Màmá: mo dùbúlẹ̀, mo gbé páálí ẹyin méjìlá lé àyà. Ó wà á dé ìdí òpó tó wà lójú ọ̀nà, ó wà á padà.

Ẹyin méje ló fọ́. Ẹ̀yìn tèmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn lọ. Ẹyin díńdín la jẹ lálẹ́, Ẹ̀fọ́rí sì ní ìdánwò yìí dùn, kí á tún un ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù kẹjọ

Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn la fi ń wò ó. Mo gbé ife tíì, mo jókòó sílẹ̀ síwájú Afínjú, mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Rímù rẹ̀ tóbi, íǹṣì méjìdínlógún, rọ́bà tó yí i ká sì tẹ́ẹ́rẹ́. Òkúta gbá rọ́bà, rọ́bà sáré gbé e fún irin, irin gbé e fún ẹ̀yìn ẹni. Bí rímù bá kéré, tí gíga táyà lápapọ̀ kò yí padà, rọ́bà á pọ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á pọ̀, òkúta á sì rí ohun rírọ̀ gbá.

Rímù Gbọ̀ngbọ̀n — íǹṣì mẹ́rìndínlógún. Ihò nọ́ọ̀tì mẹ́fà. Ti Afínjú náà, mẹ́fà. Mo wọn àárín ihò sí ihò. Ó bára mu!

Inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù kẹjọ

Ti ẹ̀yìn méjèèjì wọlé wẹ́rẹ́. Mo fọwọ́ yí wọn, wọ́n ń yí bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Ti iwájú ló dìjà. Táyà wọlé, nọ́ọ̀tì dì, ṣùgbọ́n kò yí. Kírírí. Bíréèkì iwájú Afínjú tóbi ju ti ẹ̀yìn lọ, irin tó gbá a mú sì ń họ inú rímù kékeré yìí.

Ẹ̀fọ́rí wò ó títí. Ó lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin dé. Ó ní díẹ̀ báyìí lòun máa há kúrò. Mo ní kúrò lára kí ni? Ó ní lára irin bíréèkì, ó nípọn, kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Mo ní kò sí ẹni tó máa gé bíréèkì ọkọ̀ tí ìyá mi máa dùbúlẹ̀ sí. Ó ní ìyá òun náà ni. Mo bá ní, "Ìgbà wo lo rántí?"

Nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré ló lọ wò ó láti ìgbà tó ti wà lọ́sibítù, ẹnu ọ̀nà yàrá ló sì dúró sí títí a fi padà. Kò wọlé. Ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ. Kò wá jẹun. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ló kàn mí pẹ̀lú ẹyin lọ́sẹ̀ yìí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹjọ

A kò bára wa sọ̀rọ̀. Mo dá táyà Gbọ̀ngbọ̀n padà fún Gbọ̀ngbọ̀n. Èmi nìkan.

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù kẹjọ

Mẹ́rìndínlógún kò gbà. Méjìdínlógún ń pa ẹyin. Mẹ́tàdínlógún ló kù, kò sì sí ẹni tó ń lò ó lójú ọ̀nà yìí. Mẹ́rìndínlógún ni gbogbo oko, láti tiwa títí dé ti Athol Breen. Nítorí òpó ni.

Ibi tí ọ̀nà ti pín ni òpó wà. Táyà kan wà lórí rẹ̀, odindi, pẹ̀lú rímù rẹ̀, afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, wọ́n kun etí rẹ̀ ní funfun. Ẹni tí táyà bá dá dúró, tí táyà sípíà rẹ̀ sì ti tán, kó gbé e. Màmá ló gbé àkọ́kọ́ síbẹ̀ nígbà tí mo wà ní ìkókó, lẹ́yìn tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti sun inú ọkọ̀ níbẹ̀ nínú òtútù láìrí ẹni tó kọjá. Òun náà ló ṣòfin rẹ̀: táyà òpó kì í sun ilé ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀mejì. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, kó ti padà sórí òpó. Àwọn ènìyàn ọ̀nà yìí ń rú òfin ìjọba Queensland bó ṣe wù wọ́n. Wọn kì í rú èyí.

Ìdí tí wọ́n fi ń fi Afínjú ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń pè é ní bàtà ijó, nìyẹn. Ọkọ̀ tí táyà òpó kò bá mu, ọkọ̀ àlejò ni.

Mo gbé ìtìjú tà, mo pe Athol lórí rédíò. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, ẹnu rẹ̀ sì dàgbà ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Mo béèrè bóyá rímù mẹ́tàdínlógún ló wà lára ọkọ̀ rẹ̀ tó dojú dé lódò lọ́jọ́sí.

"Ta ló ń béèrè?" ni Athol wí. "Àbí ìyá oníbàtà ijó ni?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lórí rédíò. N kò mọ ẹni náà. Gbogbo ọ̀nà ló máa ń gbọ́.

Mo ní èmi ni. Ó ní, "Ó wà. Kí lo fẹ́ fi í ṣe? Ṣé bàtà ijó ti fún ẹ lẹ́sẹ̀?"

Mo ní, "Màmá ń bọ̀ wálé ni. Mo ń wá ohun tí kò ní gbọ̀n ọ́n."

Ohùn Athol yí padà: "Una? Una ń bọ̀? Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí o kò fi ìyẹn ṣáájú?" Ó ní kí n wá kó o.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹjọ

Mo gbé Afínjú lé búlọ́ọ̀kù, mo kó rímù ńlá márààrún sẹ́yìn Gbọ̀ngbọ̀n, ti sípíà náà wà nínú rẹ̀, mo lọ sọ́dọ̀ Athol. Pàṣípààrọ̀ ni. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan nílùú fẹ́ràn ohun tó bá ń dán. Márùn-ún gba márùn-ún, kò sẹ́ni tó jẹ ẹnìkan ní nǹkan kan.

Àwọn rímù rẹ̀ dúdú, irin lásán, eruku odò sì wà lára wọn síbẹ̀. Táyà orí wọn ga dáadáa. Athol ń fi bàtà tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ra akọ màlúù. Ó ní ohun méjì ni kí n rántí. Àkọ́kọ́: ọkọ̀ tó ń fa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ ga bákan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ jíà rẹ̀ á máa bá ara rẹ̀ jà nínú títí yóò fi jó. Èkejì: "Má fi nọ́ọ̀tì ọ̀hún dì í o. Ti rímù dídán, ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti onírin yìí, imú rẹ̀ ṣóńṣó. Bí o bá ṣì wọ́n lò, táyà á ṣáájú ẹ délé."

Fay ìyàwó rẹ̀ kó nọ́ọ̀tì onímú ṣóńṣó náà sínú agolo, ó gbé kéèkì lé wọn lórí. Ó ní ti Una ni kéèkì. Mo sọ fún un pé Una kò tíì dé. Ó ní òun mọ̀, òun mọ àbúrò mi náà.

Ọjọ́rú, 9 oṣù kẹjọ

Kéèkì ti tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Díẹ̀ ló kù kí Ẹ̀fọ́rí da agolo náà nù pẹ̀lú nọ́ọ̀tì nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó wá. N kò pè é. Ó di jáàkì mú, ó ń na nọ́ọ̀tì sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti iwájú wọlé. Mo di ọwọ́ mú rímù, mo yí i. Kò sí kírírí. Ó ń yí, ó ń yí — Ẹ̀fọ́rí fi ìka wọn àlàfo tó wà láàárín rímù àti irin bíréèkì. Ìka rẹ̀ wọ ibẹ̀. Ó na ìka náà sókè hàn mí bí ọmọdé.

Mo ti fi okùn wọn yíká táyà àtijọ́ kí n tó kó o lọ. Okùn kan náà yí ti tuntun ká, ìbú ìka kan ló ṣẹ́kù. Athol á gbà.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kẹjọ

A tún fi ẹyin dán an wò. Ẹyin kan ṣoṣo ló fọ́. Ẹ̀fọ́rí ní ìyẹn ti sán láti ìdí adìyẹ wá.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù kẹjọ

Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa lọ mú un jáde. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni mo máa dá a padà. Màmá ránṣẹ́: kí n mú fìlà rẹ̀ wá, kì í ṣe tuntun, èyí tí ajá ti jẹ etí rẹ̀. Kí bisikíìtì àtalẹ̀ wà nílé. Kí Ẹ̀fọ́rí má ṣe pa àkùkọ òun.

Jincy tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan ti ṣófo nílé àwọn arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù. Dókítà rò pé ibẹ̀ ló yẹ Màmá báyìí. Wọ́n á dì í mú fún un. Mo ní ṣé yóò lè máa wálé láti ibẹ̀? Ó ní, "Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Ọmọ dáadáa ni Jincy. Kì í parọ́ fún mi.

Nítorí náà òru mẹ́ta yẹn lè jẹ́ ìkẹyìn tí Màmá máa sùn nínú yàrá rẹ̀. N kò sọ fún un. N kò sọ fún Ẹ̀fọ́rí pàápàá títí di alẹ́. Nígbà tí mo sọ fún un, ó dìde nídìí oúnjẹ, ó lọ dúró sí fàráńdà. Ó ṣe díẹ̀ kó tó padà wọlé. Ó ní, "Ó mọ̀." Mo ní ta ló mọ̀? Ó ní, "Màmá. Kí ló dé tó fi béèrè fìlà tí ajá jẹ?"

Ọjọ́rú, 16 oṣù kẹjọ

Katakata ìjọba ti kọjá, ó ti tẹ́ ojú ọ̀nà. Gbogbo ènìyàn ń dunnú lórí rédíò. Èmi náà dunnú, títí mo fi wà á jáde lọ wò ó. Ojú ọ̀nà bíi páànù ti lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti hú òkúta tuntun jáde láti ìsàlẹ̀, ẹnu wọn sì mú.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù kẹjọ

Mo dé ìlú láìsí pé táyà kankan jò. N kò yin ara mi. Fìlà wà lórí àga.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù kẹjọ, òwúrọ̀

N kò lè kọ nǹkan kan lánàá. Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Jincy fi kẹ̀kẹ́ ti Màmá jáde. Ó ní láti ìdájí ló ti wọ bàtà oko rẹ̀. Ó ti kéré. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè kéré tó bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. A tẹ́ ẹ sórí fóòmù, a fi ìrọ̀rí há a lọ́tùn-ún lósì, ó sì gbé fìlà rẹ̀ lé àyà. Jincy ní, "Ọjọ́ Ajé o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òrùlé ọkọ̀ ni Màmá ń wò.

Níbi tí ọ̀dà ti parí mo sọ̀ kalẹ̀ láti dín afẹ́fẹ́ táyà kù, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe níbẹ̀. Ó ń fetí sí i — sííì, sííì. Ó ní, "Tún dín in. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ máa ń bẹ̀rù jù." Mo tún dín in. Lẹ́yìn náà la bọ́ sórí erùpẹ̀, ó sì rọ̀. Ó rọ̀ débi pé ó sùn. Màmá, tí kì í pajú dé nínú ọkọ̀! Mo ń wò ó nínú dígí. Mo sunkún díẹ̀, kò kúkú sẹ́ni tó rí mi.

Èyí tó kọ́kọ́ lọ ni táyà iwájú, ọwọ́ òsì. Òkúta katakata ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ọwọ́ ènìyàn ní gígùn. Ìyẹn kò ṣeé lẹ̀ mọ́. Mo jáàkì í, mo gbé sípíà sí i. Màmá jí. Ó ní, "Táyà ni?" Mo ní táyà ni. Ó tún sùn.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí ti ọwọ́ ọ̀tún iwájú náà lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ó ti tẹ́ pátápátá sínú eruku. N kò tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ohun tó ṣe ti àkọ́kọ́ ni mo rò pé ó ṣe é. Síbẹ̀ mo lọ wá àpótí rọ́bà tí a fi ń dí ihò. Kò sí níbẹ̀. Ẹ̀fọ́rí ti gbé e fún alùpùpù rẹ̀, kò dá a padà. Mo bú u. Mo bú u sókè, láàárín pápá, tí àwọn ẹyẹ fi fò.

"Má bú àbúrò rẹ," ni Màmá wí láti inú ọkọ̀.

"Kò dá àpótí padà ni, Màmá!"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo bí i."

Mo pe rédíò. Òkè wà láàárín wa àti gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, òtútù alẹ́ oṣù kẹjọ kì í ṣeré, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gba òtútù. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Òun ló ní, "Bí o bá gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, wàá rí òpó. Lọ gbé e."

Mo lọ. Mo rí òpó, mo sọ táyà kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà bọ̀. Nígbà tí a dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ó já mọ́ mi lọ́wọ́, ó ṣáájú mi sọ̀ kalẹ̀, ó ń fò, èmi náà ń sá tẹ̀lé e, mo ń pariwo mọ́ ọn. Màmá rí gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

Ìgbà tí mo gbé e dé ẹ̀gbẹ́ Afínjú ni ara mi tutù. Mẹ́rìndínlógún. Ẹsẹ̀ iwájú ni mo sì fẹ́ fi í sí. Mo dúró sójú kan. Kírírí yẹn padà sí mi létí — lẹ́yìn náà ni mo rántí ti ẹ̀yìn. Ti ẹ̀yìn wọlé lọ́jọ́ yẹn! Wẹ́rẹ́! Nítorí náà: kí n yọ táyà tó dára lẹ́yìn, kí n gbé e síwájú, kí n gbé táyà òpó sẹ́yìn. Nọ́ọ̀tì imú ṣóńṣó kan náà ni.

Mo ní, "Màmá, mo máa gbé yín sókè díẹ̀ o."

Ó ní, "Máa gbé e lọ. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbé mi sókè."

A rọra wá délé. Ti òpó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ìyókù, Afínjú ń tiro, mo sì ń gbóòórùn afẹ́fẹ́ ní gbogbo ọ̀nà, bóyá jíà ti ń jó. Kò jó. Ẹ̀fọ́rí wà lẹ́nu géètì. Ó dájú pé ó ti pẹ́ níbẹ̀, nítorí ìdí sìgá tó wà nílẹ̀ kì í ṣe díẹ̀. Ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé Màmá fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Màmá, ẹ ti fúyẹ́ o." Màmá ní, "Oúnjẹ wọn ni. Ṣé o ti bọ́ àwọn adìyẹ?"

Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ó sùn títí oòrùn fi yọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìrọ̀lẹ́

Ó jókòó sí fàráńdà pẹ̀lú fìlà rẹ̀, ó ń ti bisikíìtì bọ inú tíì. Ó ní, "Coralie, táyà òpó dà?"

Mo ní ó wà lẹ́sẹ̀ Afínjú. Mo ní a máa nílò rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, màá jù ú sórí òpó bí mo bá ń padà bọ̀ láti ìlú... mo dúró níbẹ̀, nítorí ojú tó fi wò mí.

"Ta ló ṣòfin náà?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Ṣé mo yọ ara mi sílẹ̀ nínú rẹ̀?" Ó bu bisikíìtì jẹ. "Bí ọmọ ẹlòmíràn bá dúró síbẹ̀ lálẹ́ òní ńkọ́? Tó gbé ìkókó dání?"

Mo wo Ẹ̀fọ́rí. Mo béèrè bóyá ó ti yẹ àwọn táyà tó jò yẹn wò, bóyá ọ̀kan lè gbà. Ó ní òun ti yẹ̀ wọ́n wò láàárọ̀. Ó ní, "Méjèèjì ti kú." Búrẹ́dì kún ẹnu rẹ̀, kò wojú mi.

Ó tú táyà òpó, ó gbé e sẹ́yìn Gbọ̀ngbọ̀n, ó ti padà dé kí oòrùn tó wọ̀. Afínjú wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta àti búlọ́ọ̀kù kan. Ọkọ̀ lẹ́tà ló lè gbé táyà tuntun wá, kò sì ní kọjá títí di ìparí oṣù. Gbọ̀ngbọ̀n kò ṣeé gbé e padà, gbogbo wa ló mọ̀. Ẹ̀fọ́rí ní táyà Gbọ̀ngbọ̀n náà rẹlẹ̀ bíi ti òpó, jíà á jó kí Afínjú tó fi í dé ìlú.

Màmá ní tíì yẹn gbóná dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù kẹjọ

Mo pe Jincy. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: ọkọ̀ kò ní ẹsẹ̀. Ó béèrè bóyá Màmá ń jẹun. Mo ní ẹran àgùntàn, ó sì fọ eegun rẹ̀. Bóyá ó ń rìn. Mo ní òun àti irin ìtìlẹ̀ rẹ̀ ti dé ilé adìyẹ láàárọ̀, ó lọ ka ẹyin, ó sì ń béèrè ibi tí ìyókù wọlé sí.

Jincy ní bàálù àwọn dókítà lè balẹ̀ ní pápá wa lọ́jọ́bọ̀, wọn á yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì ló kù. Wọn kò lè dì í mú kọjá ọjọ́rú, àwọn mìíràn ń dúró. Ó ní kí n gbìyànjú. Mo ní màá gbìyànjú.

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù kẹjọ

Mo ṣèlérí fún ọmọbìnrin yẹn. Mo jí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́kàn. Mo ní kí n fojú ara mi rí àwọn táyà náà kí n tó sọ pé kò ṣeé ṣe.

Èyí tó ya wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì. Èkejì kò sí níbẹ̀. Mo wá a yíká ilé. Ẹ̀yìn ilé adìyẹ ni mo ti rí i, àpò wà lórí rẹ̀, igi sì wà lórí àpò. Mo fún un ní afẹ́fẹ́, mo da omi ọṣẹ sí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ya rárá. Ibì kan ṣoṣo ló ń hó, àárín ojú táyà gan-an, ibi tó rọrùn jù láti dí. Kí omi tíì tó hó, rọ́bà kan á ti dí i. Màmá á sì ti dé ìlú kí ọ̀sán tó pọ́n tán.

Mo gbórí sókè. Ẹ̀fọ́rí dúró lẹ́yìn mi, àpótí rọ́bà wà lábíyá rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó mú un wá láti dí ihò ni, tàbí láti lọ fi òun náà pamọ́. Ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, bó ṣe ń yí i lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Láti fàráńdà a ń gbọ́ Màmá, ó ń bá àkùkọ rẹ̀ wí.

"Ihò yẹn tóbi," ni Ẹ̀fọ́rí wí.

Mo wò ó. Ẹyọ ìrẹsì kan á dí i.

"Ó tóbi gan-an ni," mo wí.

A yí i padà síbi tó wà, mo sì da àpò bò ó. Lẹ́yìn náà mo lọ pe Jincy, pé kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀dì yẹn.